Bí Ìlú Phnom Penh Ṣe Dẹ́kun Omi Àdánù Nínú Páìpù Rẹ̀

Ní ọdún 1993, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún lítà omi tí ilé-iṣẹ́ omi ìlú Phnom Penh, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Kàm̀bódíà, ń tì sínú páìpù, lítà 28 péré ni ó ń fara hàn nínú ìwé owó omi tí wọ́n ń kọ fún àwọn oníbàárà. Lítà 72 yòókù di àwátì: apá kan ń jò sínú ilẹ̀, apá kan sì ń wọ ilé àwọn tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé kankan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2008, omi àdánù yìí ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí lítà 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìlú ńlá wà láyé tí ogun kò bà jẹ́, tí wọ́n sì lówó ju Phnom Penh lọ lọ́nà púpọ̀, tí wọn kò tíì sún mọ́ ibẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n rà ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ara wọn, tí wọn kò sì fi ìkẹyìn ṣe ìṣáájú.

Bí nǹkan ṣe rí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀

Ogun àti ìṣèjọba Khmer Rouge, ẹgbẹ́ ajagun tó gba ìjọba Kàm̀bódíà, ni ó sọ ilé-iṣẹ́ náà di ẹdun arinlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1975, wọ́n lé gbogbo ará ìlú jáde lọ sí ìgbèríko, ìlú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo pátápátá títí di ọdún 1979. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń padà bọ̀, ilé tí oníkálukú bá bá lófìfo ni ó wọ̀. Nítorí náà, kódà níbi tí ìwé orúkọ oníbàárà àtijọ́ bá ti ṣẹ́ kù, orúkọ inú rẹ̀ kò bá ẹni tó ń gbé inú ilé mu mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ibi tí páìpù gbà lábẹ́ ilẹ̀ ti kú. Páìpù onírin tí wọ́n ti rì láti ayé àwọn Faransé ti dípẹtà, kò sì sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gbogbo páìpù tó gbé omi káàkiri ìlú ní ọdún 1993 kò ju nǹkan bí kìlómítà 280 lọ. Omi tí àwọn ibùdó ìsọmidimímọ́ lè mú jáde lóòjọ́ kò ju mílíọ̀nù 65 lítà lọ, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá péré ni omi fi ń ṣàn lójúmọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìlú sì ni omi náà dé. Nínú nǹkan bí 27,000 oníbàárà tí orúkọ wọn wà nílẹ̀, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún tó ní mítà. Ńṣe ni wọ́n ń fojú díwọ̀n owó àwọn yòókù. Kódà owó tí wọ́n kọ fún wọn yìí, àwọn tó ń san án kò tó ìdajì. Ipá tí omi fi ń jáde kéré débi pé omi kò lè gun òkè ilé, àwọn ará ilé sì gbẹ́ kòtò omi sílẹ̀, wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí i, kí ìwọ̀nba omi tó bá yọjú lè kán sínú rẹ̀. Láti inú kòtò bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti ń fa omi tà fún aládùúgbò tí páìpù kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ní iye tó fi púpọ̀ ju ti ilé-iṣẹ́ omi lọ.

Ọdún náà gan-an ni wọ́n fi Ek Sonn Chan, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí òun náà sì la ìgbà Khmer Rouge kọjá, ṣe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Orí ipò yìí ni ó wà títí di ọdún 2012.

Ta ló ń lo omi náà?

Ẹni tó bá gbọ́ pé ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún omi ń ṣòfò lè rò pé kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì kí wọ́n sì máa wá ibi tí páìpù ti bẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é, ó sì dára bí wọn kò ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Omi àdánù ni gbogbo omi tí ilé-iṣẹ́ mú jáde tí kò rí ẹni kọ owó rẹ̀ fún, oríṣi méjì tí kò jọ ara wọn ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni omi tó jò sọnù, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Èkejì ni omi tí ẹnìkan mu, tí ó fi wẹ̀, tí ó fi fọṣọ, ṣùgbọ́n tí mítà rẹ̀ kò kà á dáadáa, tàbí tí kò ní mítà rárá, tàbí tó jẹ́ pé ó fà á lábẹ́lẹ̀. Títí tí wọn kò bá tíì ya méjèèjì sọ́tọ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ bóyá omi tó ṣàn wọ àdúgbò kan tí kò sì hàn nínú ìwé owó ni ó jò, tàbí pé wọ́n jí i.

Nítorí náà, orí ìwé orúkọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń wò bóyá omi ẹ̀rọ wọ ilé náà tàbí kò wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n rí tojú súni: àwọn ilé kan wà nínú ìwé, tí wọ́n ń kọ owó fún, tí ẹ̀kán omi kan kò dé ibẹ̀, àwọn mìíràn sì ń lo omi yàlàyòlò, tí orúkọ wọn kò sí níbì kankan. Ẹni tí wọ́n ń kọ owó omi tí kò lò fún kò ní san án, ìyẹn sì wà lára ìdí tí owó tó ń wọlé kò fi tó ìdajì.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi wà lára àwọn tó ń so páìpù lábẹ́lẹ̀ fún àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ sápò ara wọn. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀; ẹni tó ní irinṣẹ́, tó mọ ibi tí páìpù gbà, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì tó jẹun, iṣẹ́ àfọwọ́rá ti wà nílẹ̀ dè é. Wọ́n lé àwọn tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹ̀ kúrò, wọ́n bu owó ìtanràn lé ilé tí wọ́n bá bá páìpù bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá tú àṣírí ní ẹ̀bùn owó. Ní ọwọ́ kan náà, wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n sì gbé àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé tó já fáfá sípò. Mo rò pé apá kejì yìí ni àwọn tó ń ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà kì í ráyè sọ tó. Ìtanràn nìkan kò lè pa olè ilé.

Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nípa àsìkò yìí ni èyí tí Ek Sonn Chan fúnra rẹ̀ sọ, pé nígbà tí òun lọ sílé ọ̀gá ológun kan tó kọ̀ láti san owó omi, ńṣe ni ó na ìbọn sí òun. Ó padà lọ pẹ̀lú àwọn agbófinró tó dìhámọ́ra, wọ́n sì gé omi ilé náà. Ìtàn akin ni lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ kò sí mẹ̀kúnnù tó lè sọ pé àwọn aláṣẹ ń mu omi ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tó bá fi ìtàn yìí ṣe orí àti ìrù yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, torí omi tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀ kò bẹ̀rù akọni.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, ìjọba sọ ilé-iṣẹ́ náà di èyí tó lè dá dúró, tó lè gba òṣìṣẹ́ kó sì lé òṣìṣẹ́, tó sì lè fi owó tó bá pa ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1997, wọ́n gbé owó omi sókè, wọ́n sì to iye rẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí ẹni tó ń lo omi díẹ̀ má baà san iye kan náà lórí lítà pẹ̀lú ẹni tó ń lo púpọ̀. Mítà wọ ilé gbogbo oníbàárà. Fún àwọn tálákà tí owó ìso-páìpù wọ́n jù fún, wọ́n dín in kù láti ìdá 30 títí dé ọ̀fẹ́ pátápátá, bí ipò ilé kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Kì í ṣe àánú nìkan ni èyí: ilé tó bá lè so omi lọ́nà ẹ̀tọ́ kò ní wá ẹni tí yóò bá a lu páìpù lóru, irú ìlupáìpù bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń yára jò jù, nítorí pé kánmọ́kánmọ́ ni wọ́n ń so ó, láìsí ohun èlò tó yẹ.

Ìdí tí omi wákàtí mẹ́wàá fi ń bo àṣírí ìjò

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Bí omi bá ń ṣàn fún wákàtí mẹ́wàá péré, a jẹ́ pé fún wákàtí mẹ́rìnlá ìjò náà sinmi. Ìlú tó bá wá fẹ́ fún àwọn ará rẹ̀ ní omi tọ̀sán-tòru yóò rí i pé omi tó ń jò sọnù yóò kọ́kọ́ pọ̀ sí i, nítorí pé gbogbo ihò tó wà nílẹ̀ yóò máa ṣàn fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí ipá omi bá tún ga sí i, ìjò á tún pọ̀ sí i. Fún ihò róbótó lára páìpù onírin, bí ipá omi bá di ìlọ́po méjì, omi tó ń jáde níbẹ̀ á lé ní ìlọ́po kan àti díẹ̀, nǹkan bí 1.4. Fún páìpù oníke tó là gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu lílà náà á tún máa ṣí sí i bí ipá bá ti ń pọ̀, omi tó ń jáde sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta.

Síbẹ̀, omi tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí omi bá dá, páìpù á ṣófo, omi ẹlẹ́gbin inú ilẹ̀ á sì gba ojú ìjò wọlé. Nígbà tí omi bá tún padà dé, atẹ́gùn tó há sínú páìpù á máa fi ìkanra sá síwájú, ìkọlù bẹ́ẹ̀ sì ń tú ojú ìsopọ̀ páìpù. Ó tún ku ọ̀kan, èyí tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ omi kì í rò: níbi tí omi kò bá ti ń ṣàn tọ̀sán-tòru, kò sí ẹni tó lè wọn ìjò. Ìdí ni pé ọ̀nà tó dájú jù láti wọn ìjò ni kí a ka mítà láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru, nígbà tí gbogbo ènìyàn ti sùn tí ẹ̀rọ omi sì wà ní títì. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn kòtò àti tánkì ló ń kún lóru, omi tó ń gba ojú mítà kọjá kò lè sọ ohunkóhun fún wa.

Ó wá di pé láti mọ ibi tí ó ń jò, àfi kí omi máa ṣàn láìdá. Kí omi tó lè máa ṣàn láìdá, àfi kí ìjò dínkù. Ohun tó já okùn yìí ni pé wọn kò gbé gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi owó ìrànwọ́ àti owó yíyá láti ọwọ́ Jàpáánù, Faransé, Báńkì Àgbáyé àti Báńkì Ìdàgbàsókè Éṣíà hú páìpù gbígbó, wọ́n sì rì tuntun. Ibi tí páìpù tuntun bá ti parí, tí mítà sì ti wọ gbogbo ilé, ni wọ́n ń jẹ́ kí omi ti máa ṣàn tọ̀sán-tòru.

Omi aago mẹ́ta òru

Láti ọdún 1999, àwọn onímọ̀ láti ilé-iṣẹ́ omi ìlú Kitakyushu ní orílẹ̀-èdè Jàpáánù bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n pín páìpù ìlú sí agbègbè-agbègbè, wọ́n ti àwọn fáàfù (ohun tí a fi ń ṣí omi páìpù, tí a sì fi ń tì í) tó wà ní ààlà, wọ́n sì jẹ́ kí omi máa gba ẹnu ọ̀nà tí mítà wà wọ agbègbè kọ̀ọ̀kan. Iye tí mítà ẹnu ọ̀nà kà àti ipá omi níbẹ̀ ń gba ẹ̀rọ wá sí yàrá kan, tí òṣìṣẹ́ fi lè jókòó sójú kan kó sì máa rí bí omi ṣe ń wọ agbègbè gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ òru ṣe rí ní agbègbè bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà kan náà ni gbogbo ilé-iṣẹ́ omi tó mọ ohun tó ń ṣe ń gbà. Ká ní ilé ẹgbẹ̀rún kan wà níbẹ̀, tí omi tó ń wọlé ní aago mẹ́ta òru sì máa ń jẹ́ lítà méjì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lọ́jọ́ kan, ó di lítà mẹ́ta, ó sì dúró síbẹ̀ fún òru méjì tó tẹ̀ lé e. Kò sí àsè, kò sí iná tó jó. Lítà kan tó lé yìí ti jò. Lítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan péré ó ti di 86,400 lítà. Páìpù ńlá tó bẹ́ láàárín títì kì í sábà ṣòfò omi tó ti ìjò kékeré tó pẹ́ nílẹ̀ lápapọ̀, nítorí pé gbogbo ayé ni yóò rí i, wọn yóò sì tì í kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjò kékeré tó wọ inú gọ́tà tàbí inú iyanrìn ni ó lè máa ṣàn fún oṣù mẹ́fà kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àwọn òṣìṣẹ́ á jáde lóru. Ẹnìkan á dúró ti mítà ẹnu ọ̀nà, ẹnìkejì á máa ti fáàfù àdúgbò kọ̀ọ̀kan pa lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun agbègbè wá sí iwájú. Bí ó bá ti fáàfù kan tí mítà fi lítà kan gbáko wálẹ̀, ojú pópó tí fáàfù yẹn ń bù fún ni ìjò náà wà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé ọ̀pá irin ìgbọ́jò, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan lórí fáàfù tàbí lára páìpù ojúlé, wọ́n á sì fi etí lé e. Omi tó ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ kì í pariwo. Èyí tó ń gba ihò jáde ni ó ń ṣe ṣùùù láìdáwọ́ dúró, ìró náà á sì máa le sí i bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ojú ìjò. Wọ́n á fi ẹfun sàmì sórí ilẹ̀, àwọn agbẹ́lẹ̀ á sì dé. Òru dára fún iṣẹ́ yìí lọ́nà méjì: ariwo ọkọ̀ kò sí, ipá omi nínú páìpù sì ga torí pé àwọn ènìyàn kò lo omi.

Ní Phnom Penh, wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tọ̀sán-tòru láti tún ìjò ṣe. Wọ́n tún fi agbègbè lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí omi àdánù agbègbè rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ tó iye tí wọ́n pinnu ń gba ẹ̀bùn owó. Lójú tèmi, ìhín ni gbogbo iṣẹ́ ìṣáájú ti so èso. Láìsí ìwé orúkọ tó péye àti mítà nínú ilé gbogbo, wọn kò ní lè fi iye tí mítà ẹnu ọ̀nà kà wé iye tí àwọn ilé inú agbègbè lò, kò sì ní sí ìdájọ́ òdodo nínú ẹ̀bùn náà.

Ohun tí ìṣirò fi hàn

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè tan ènìyàn jẹ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ta omi púpọ̀ sí i, ìdá omi àdánù rẹ̀ á dínkù bí kò tilẹ̀ dí ihò kan ṣoṣo. Omi tí Phnom Penh ń mú jáde sì pọ̀ sí i gidigidi, nítorí náà ó yẹ kí a fi ojú mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1993, bí wọ́n bá mú gbogbo mílíọ̀nù 65 lítà jáde, omi àdánù á tó mílíọ̀nù 46.8 lítà lóòjọ́. Bí a bá pín in lórí 27,000 oníbàárà, ó jẹ́ nǹkan bí 1,700 lítà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2006, agbára wọn ti di mílíọ̀nù 235 lítà lóòjọ́, oníbàárà ti tó nǹkan bí 147,000, páìpù ti tó nǹkan bí kìlómítà 1,300, omi àdánù sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 8. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18.8 lítà, tàbí nǹkan bí 130 lítà lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ní ojú méjèèjì, ìdínkù náà kì í ṣe àwúrúju orí ìwé.

Bí ó bá jẹ́ pé ìdá 72 ṣì ń ṣòfò nínú omi ọdún 2006, omi tí ìbá tún sọnù lé ní mílíọ̀nù 150 lítà lóòjọ́. Iye yẹn dọ́gba pẹ̀lú gbogbo ohun tí Phum Prek, ibùdó ìsọmidimímọ́ ńlá ìlú náà, lè mú jáde lẹ́yìn tí wọ́n mú un gbòòrò. Omi ti ń ṣàn tọ̀sán-tòru nígbà náà, oníbàárà tó ń san owó rẹ̀ sì lé ní ìdá 99. Ek Sonn Chan gba àmì-ẹ̀yẹ Ramon Magsaysay, àmì-ẹ̀yẹ ńlá ti ilẹ̀ Éṣíà, ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ náà gba àmì-ẹ̀yẹ omi fún ilé-iṣẹ́ ní Stockholm ní ọdún 2010, nígbà tó sì di ọdún 2012, òun ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ ní ọjà ìpín ìdókòwò Kàm̀bódíà.

Èyí tí ìlú mìíràn lè mú níbẹ̀

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe bíi Phnom Penh mọ̀ kó tó gbéra. Páìpù ìlú yìí kéré nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin páìpù tó wà nílẹ̀ ní ọdún 2006 tó jẹ́ tuntun. Páìpù tuntun tí wọ́n rì dáadáa kì í jò púpọ̀ ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ìlú tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà páìpù gbígbó lábẹ́ ilé àti títì kò lè hú gbogbo rẹ̀, owó ìrànwọ́ tó pọ̀ tó ti Phnom Penh sì lè má yọjú sí i. Bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá ní kí omi àdánù òun bọ́ sí ìdá 6 láàárín ọdún mẹ́wàá, iye tó kọ sílẹ̀ lè di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á máa fi irọ́ bá mu.

Èyí tí kò gba owó ńlá ni ìwé orúkọ, mítà tó ń kà dáadáa, àti agbègbè kan ṣoṣo tí ààlà rẹ̀ ṣeé tì. Wọ́n lè mú àdúgbò tí ilé rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, kí wọ́n fi mítà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí wọ́n rí i dájú pé fáàfù ààlà rẹ̀ tì dáadáa ní tòótọ́, torí ọ̀pọ̀ fáàfù tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó wà ní títì ni omi ṣì ń gbà kọjá. Kí wọ́n wá jẹ́ kí omi máa ṣàn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí wọ́n dín ipá omi kù lóru níbi tó bá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n sì máa ka mítà ní aago mẹ́ta òru fún oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti mọ iye omi tí àdúgbò kan náà ń pàdánù, iye tó ná wọn láti dí ihò rẹ̀, àti bóyá ó pé wọn ju kí wọ́n kọ́ ibùdó ìsọmidimímọ́ mìíràn lọ.